Orín, ọṣẹ onífúlọ́ráìdì, èédú tàbí dókítà: èwo ló yẹ eyín tó mu omi Ṣábẹ̀ẹ́ dàgbà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sí oṣù Kejìlá, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi láti fámásì. Ọṣẹ ìfọyín mẹ́ta tò sórí káńtà, ike ìyẹ̀fun èédú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbólóhùn kan ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Tàǹtí, èwo ló ń sọ eyín di funfun nínú wọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn, èèyàn ń bẹ lẹ́yìn mi."

Mi ò lè tètè dá a lóhùn. Eyín rẹ̀ àti tèmi jọra: méjì tó wà níwájú lókè ní ìlà kan tó pọ́n bí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa, tó dábùú wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àti àwọn àmì funfun bí ẹfun káàkiri. Ṣábẹ̀ẹ́, ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, la bí àwa méjèèjì sí, omi pọ́ǹpù kan náà la pọn dàgbà. Kò sí ìkankan nínú ohun tó wà lórí káńtà yẹn tó lè pa ìlà náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó lè ba eyín rẹ̀ jẹ́, ọ̀kan sì wà tó yẹ kó máa lò títí ayé rẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, fún un àti fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró síwájú káńtà bẹ́ẹ̀ láìmọ èyí tí yóò mú.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n wọn

Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá ohun náà ń gba eyín lọ́wọ́ kòkòrò tàbí ó kàn ń mú un dán. Àwọn tó ń tajà a máa po méjèèjì pọ̀ bí ẹní po ṣúgà mọ́ gààrì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Eyín lè funfun kìnìnì kó ti jẹrà nínú, ó sì lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó le bí òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn, irú àbàwọ́n wo ló lè mú kúrò? Lẹ́yìn náà ni owó, kì í sì í ṣe iye tí ẹ san lónìí, iye tí yóò gbà lọ́wọ́ yín títí ọdún yóò fi yí po ni.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn èèyàn kì í béèrè, òun ni mo sì kà sí jù: tí a bá ṣì í lò, kí ló máa bàjẹ́, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ojú egbò a máa san, egungun tó ṣẹ́ a máa so padà. Èèpo eyín tí ẹ bá ti fá dànù kò tún hù mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó pa á láwọ̀

Àbàwọ́n méjì ló wà. Èyí tó wà lójú òde ni ti obì, orógbó, tíì, kọfí, sìgá, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, àti omi ìfọnu chlorhexidine tí dókítà fúnni fún ọ̀sẹ̀ méjì téèyàn wá lò ó fún oṣù mẹ́ta. Èyí ṣeé fọ̀, tàbí kí dókítà fá a.

Èkejì wọ inú eyín láti ìgbà tí eyín ṣì wà lábẹ́ erìgì tó ń dàgbà. Oògùn tetracycline, kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí wọ́n ń gbé kiri lórí igbá lọ́jà, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá ń lò ó, tàbí tí aboyún bá lò ó nígbà tí oyún ti dàgbà, eyín ọmọ lè jáde pẹ̀lú àwọ̀ eérú.

Ti àwa ará Collines, omi ni. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tí àwọn àlejò ń wá ya fọ́tò rẹ̀, àpáta granite ni, irú àpáta bẹ́ẹ̀ náà ló sì tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi tó bá pẹ́ láàárín rẹ̀ a máa yọ fúlọ́ráìdì, èròjà kan tó wà nínú àpáta, lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wọn omi abẹ́ ilẹ̀ ní Collines ti rí kànga ẹ̀rọ tí fúlọ́ráìdì inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ, ìyẹn mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan. Kì í ṣe gbogbo kànga o. Pọ́ǹpù méjì ní abúlé kan lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán sí òru, ẹnu kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, torí kò ní adùn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Sísè kò ràn án: omi ló ń fà lọ, fúlọ́ráìdì ń kù sínú ìkòkò, a jẹ́ pé ó tún nípọn sí i. Omi òjò ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá.

Ọmọ tó bá ń mu omi bẹ́ẹ̀ kó tó pé ọdún 8 ni àmì yóò hàn lára eyín rẹ̀. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Kútọnu, eyín rẹ̀ kò ní yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1901, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Frederick McKay dé Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó bá àwọn ọmọ ìlú pẹ̀lú irú eyín tí a ní yìí gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wá ìdí rẹ̀. Ní 1931 ni wọ́n tó mọ̀ pé fúlọ́ráìdì inú omi ni. Ohun tó ya McKay lẹ́nu ni pé kòkòrò kì í sábà jẹ eyín pípọ́n wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wá pé, tí a bá dín in kù dé ibi tí kò ti ní yọ àmì, ó lè dáàbò bo eyín. Ní 1945 ìlú Grand Rapids bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí àwọn yẹn ń fi owó rà sínú omi, àpáta ń fún àwa lọ́fẹ̀ẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ìwọ̀n ni.

Orín

Ìyá àgbà mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀ kó tó rin ẹnu. Bí ẹ bá kí i, ọwọ́ ni yóò jù sí yín. Yóò gé orín àtà tó gùn tó ìka ọwọ́, yóò fi eyín bó èèpo orí rẹ̀, yóò rún un títí ẹnu rẹ̀ yóò fi là bí búrọ́ọ̀ṣì, yóò tu omi àkọ́kọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi rin eyín lọ́kọ̀ọ̀kan láti erìgì wá sókè. Orín àtà máa ń ta lẹ́nu, ahọ́n á sì kú díẹ̀. Eyín méjì péré ló ká kó tó kú. Àmọ́ kí á má parọ́ fún ara wa: kò mu ohun ẹlẹ́rìndòdò rí, ṣúgà kì í sì í wọ inú kòkó rẹ̀.

Nínú owó, kò sí ohun tó bá orín dọ́gba: àtà, ìdí, ayín, pákò Ìjẹ̀bú, owó kékeré ni, ẹlòmíì sì ń gé e lóko. Ó ń ré ìdọ̀tí kúrò dáadáa, ó sì ń mú àbàwọ́n obì fúyẹ́. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Kì í fún eyín ní fúlọ́ráìdì tó tó, kì í sì í dé ẹ̀yìn àwọn eyín ńlá inú lọ́hùn-ún tí kòkòrò fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ń fà á síwá-sẹ́yìn bí ayùn á tún rí i pé erìgì rẹ̀ ń sá sẹ́yìn. Ní tèmi, orín láàárọ̀, ọṣẹ onífúlọ́ráìdì lálẹ́. Wọn kì í bá ara wọn jà.

Ọṣẹ onífúlọ́ráìdì

Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ara eyín á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á yọ omi kíkan. Omi kíkan yẹn ló ń yọ́ èèpo eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ a máa dá ohun tó yọ́ padà kó tó di ihò, tí fúlọ́ráìdì bá sì wà níbẹ̀, ohun tí ó tún mọ yóò le ju ti tẹ́lẹ̀: èèpo lásán ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí ìkan ẹnu bá dé nǹkan bíi pH 5.5 (bí nọ́ńbà pH bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìkan ń pọ̀ sí i), èyí tó ti gba fúlọ́ráìdì ń fara dà á títí dé nǹkan bíi 4.5. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọṣẹ ìfọyín onífúlọ́ráìdì mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Ẹ yí páálí padà kí ẹ tó sanwó. Iwájú ni ìpolówó wà, ẹ̀yìn ni òótọ́ wà. Ohun tí ẹ ń wá ni *fluorure de sodium* tàbí *monofluorophosphate de sodium*, àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e: láti 1000 dé 1500 ppm (ìyẹn ìwọ̀n fúlọ́ráìdì nínú mílíọ̀nù kan ọṣẹ) ló dáa fún àgbà, 1450 ló wọ́pọ̀ jù. Tí ẹ kò bá rí *fluor* kankan, bó ti wù kó ta sánsán tó, ọṣẹ lásán ni. Ẹ tún wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tábìlì ọjà.

Ìgbà tí mo rà á kẹ́yìn, èyí tó kéré jù jẹ́ nǹkan bíi 500 CFA, èyí tó tóbi kò pé 1,500, ó sì tó èèyàn kan lò fún oṣù kan àbọ̀. Ìgbà méjì lóòjọ́, ìṣẹ́jú méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, ti alẹ́ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Èyí tó ń ṣòro fún wa jù ni pé lẹ́yìn tí ẹ bá tu ú, kí ẹ má fi omi fọ ẹnu. Mo mọ̀ pé ó ń rí bákan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi kọ́ọ̀pù omi kan ṣan ẹnu, ohun tí ẹ rà ti bá omi lọ.

Wàyí o, àwọn ìyá ní Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń bi mí pé: "Tí omi wa bá ti ní in jù, ṣé kò yẹ ká yọ ọmọ kúrò nínú ọṣẹ náà?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọṣẹ tó tó wóró ìrẹsì kan, tó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kò ní ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.1 fúlọ́ráìdì lọ, kódà tó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì. Lítà kan omi pọ́ǹpù tó ní mílígíráàmù 3 jẹ́ ìlọ́po ọgbọ̀n ìyẹn. Omi ló ń ṣe é, kì í ṣe ọṣẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gba eyín ọmọ sílẹ̀, ẹ wá omi míì tí yóò máa mu: omi òjò tó mọ́, tàbí pọ́ǹpù tí àyẹ̀wò fi hàn pé tirẹ̀ dáa. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pọ́ǹpù yín. Kí ọmọ máa lo wóró ìrẹsì rẹ̀ nìṣó. Tó bá pé ọdún 3, kó di ìwọ̀n èso ẹ̀wà kékeré kan. Ẹ dúró tì í kó tu ú, torí ọmọ míì ń lá a bí bọ́nbọ́n. Kóró fúlọ́ráìdì tí wọ́n ń gbé mì ni kí ẹ má fún ọmọ tó ń mu irú omi wa láìjẹ́ pé dókítà tó mọ omi náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọṣẹ tí wọ́n kọ *blancheur* (ìyẹn fífunfun) sí lára

Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọṣẹ onífúlọ́ráìdì kan náà tí wọ́n fi ohun yíyi díẹ̀ kún láti fi ha àbàwọ́n òde. Ó ń ran ẹni tó ń jẹ obì tàbí tó ń mu tíì lọ́wọ́ lóòótọ́. Àwọn kan tún ní àwọ̀ aró nínú, tó ń lẹ̀ mọ́ eyín fún wákàtí díẹ̀ tí yóò fi hàn bí ẹni pé ó funfun sí i. Ẹni tó bá ti fi búlúù ṣan aṣọ funfun rí mọ ọgbọ́n yẹn: aṣọ kò mọ́ ju tàná lọ, ojú ló gbà bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti ọṣẹ lásán lọ. Tí eyín yín bá ń ta yín nígbà tí ẹ bá mu omi tútù, ẹ fi í sílẹ̀.

Èédú, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́

Ìtìjú ni kí n sọ ọ́, àmọ́ mo ti ṣe é. Mo wà ní ọmọ ọdún 22, ìkómọ ọ̀rẹ́ mi kan kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ èédú kúnná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu iyọ̀ lé e, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dán, inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bu omi inú àmù mu, mo fò sókè. Ìlà pupa iwájú wà níbẹ̀ digbí. Ẹ̀gbẹ́ eyín, níbi tó ti pàdé erìgì, ló wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà tó wò mí ṣàlàyé rẹ̀: èèpo eyín ló funfun, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ́n nípa ti ẹ̀dá. Omi ọsàn ń mú èèpo rọ̀, èédú ń fá èyí tó rọ̀ dànù, bí èèpo sì ṣe ń tín-ín-rín ni pípọ́n abẹ́ ń yọjú. Mo ń fi ọwọ́ ara mi sọ eyín di pípọ́n. Ike aláràbarà tó wà nínú fọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èédú náà ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní fúlọ́ráìdì. Lójú tèmi, kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Oògùn afúnyín láti ọjà tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ni peroxide. Ó ń wọ inú èèpo lọ, ó ń tú àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ká, nítorí náà òun nìkan ló lè sọ inú eyín di funfun láìha á. Wàhálà ibẹ̀ ni ìwọ̀n. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí wọ́n ta ohun tó ju 0.1% hydrogen peroxide lọ fún aráàlú; láti ibẹ̀ dé 6%, ọ̀dọ̀ dókítà eyín nìkan ni, kò sì sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ní Àjàṣẹ́, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, erìgì mi funfun bí ikùn ẹja. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè fẹnu kan ata. Tí ẹ kò bá rí ìwọ̀n rẹ̀ kà, ẹ má rà á.

Dókítà eyín

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ lè bá lọ síbẹ̀, iye wọn kò sì jọra. *Détartrage* ni fífá ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín bí òkúta, tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè mú. Ó yà mí lẹ́nu bí eyín ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń funfun lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, láìsí oògùn kankan. Èkejì ni fúlọ́ráìdì tí wọ́n ń kùn bí ọ̀dà, tó ní 22,600 ppm. Ìgbà méjì lọ́dún ló wọ́pọ̀, ó sì dáa fún ọmọ tí kòkòrò ti ń bá jà. Ẹ sọ irú omi tí ẹ ń mu kí wọ́n tó kùn ún. Irú fúlọ́ráìdì míì tó ní fàdákà nínú ń dá kòkòrò dúró nínú ihò láìlu eyín, àmọ́ ó ń sọ ojú ihò náà di dúdú títí láé. Kí wọ́n sọ fún yín kí wọ́n tó lò ó fún eyín iwájú ọmọ yín.

Ẹ̀kẹta ni fífún eyín gan-an: wọ́n á ṣe ohun kan tó bá eyín yín mu bí ìbọ̀sẹ̀, ẹ ó máa fi oògùn carbamide peroxide 10% sínú rẹ̀ sùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Eyín lè máa ta fún ọjọ́ díẹ̀. Kò ní yí àwọ̀ eyín àtọwọ́dá tàbí ibi tí wọ́n dí padà, kò sì wà fún aboyún. Fún eyín bíi tiwa, àmì ẹfun lè kọ́kọ́ yọ sójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà lè fá ìpele tínínrín kan lórí ìlà pupa, tàbí kó fi ohun aláwọ̀ eyín bò ó. Òun ló wọ́n jù, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu sì lé ní kìlómítà 200, nítorí náà ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọsibítù agbègbè yín.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí owó há mọ́: orín àti ọṣẹ onífúlọ́ráìdì tó kéré jù, ó parí. Ẹni tí obì tàbí sìgá pa eyín rẹ̀ láwọ̀: détartrage lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ ọṣẹ *blancheur* tó ní fluor. Ìyá ọlọ́mọ kékeré ní Collines: owó tí ẹ fẹ́ fi ra ohun afúnyín, ẹ fi ra dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi gbe omi òjò, kí ọmọ máa lo ìwọ̀n wóró ìrẹsì rẹ̀. Ẹni tí ìlà wà lára eyín rẹ̀ bíi tèmi, tó sì ń dùn ún: dókítà nìkan, kò sí ọ̀nà àbùjá. Èyí tí kò bá dùn, kó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ. Ẹni tí ihò wà léyín rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oògùn afúnyín kan án kí wọ́n tó dí i.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn wákàtí kan ó dáhùn: "Tàǹtí, ẹ má bínú, ẹni ẹ̀yìn mi ń pariwo, mo ti ra blancheur."

Mo ní kó yí páálí padà, kó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún mi.

"Fluorure de sodium, 1450 ppm."

"Èédú ńkọ́?"

"Mo dá a padà sórí káńtà."

Mo ní kó máa lò ó, kó má sì fi omi ṣan ẹnu lálẹ́.